Ihò Tí Mo Dí Lára Ògiri Agbẹ́rù

                                        Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Odi Ìlú Tẹ́ńpìlì,
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ fojú kan oorun? Ẹ kú ọwọ́lómi o, ẹ kú iṣẹ́ ìránṣọ, ẹ kú làálàá. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní lẹ́tà Aláròyé tún ti dé, ó yẹ kéèyàn wá ìjókòó kó tó ṣí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jókòó lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ màmá wa ni. Wọn ò kú, wọn ò sì ṣàìsàn. Ká ní àìsàn ni, ǹ bá mọ ẹni tí mo máa ké sí.

Ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ibà ti pa àbúrò wa, àbígbẹ̀yìn wọn, ẹkún ni wọ́n fi ń jí. Ìdí tí mo fi mú wọn wá síbi iṣẹ́ mi nìyẹn, kí ojú wọn lè rí nǹkan mìíràn. Nǹkan mìíràn sì pọ̀ níbí: òpó tó ga tó ilé alájà mẹ́ta, òrùlé ti wó, koríko ti gba ojú títì, síbẹ̀ àtùpà inú gbọ̀ngàn ńlá ṣì ń jó láìsí epo. Àwọn ọlọ́run tó tẹ ìlú náà dó ti lọ tipẹ́tipẹ́, agbára wọn ni wọn ò kó lọ. Àwa bíríkìlà ń to òkúta wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ògiri kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ògiri Agbẹ́rù. Téèyàn bá gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, tó sọ ohun tó wúwo lọ́kàn rẹ̀, ògiri á gbà á. Ihò kan wà lára rẹ̀ tó ṣe déédéé ẹnu èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi, bíríkìlà wo ló máa rí ihò lára ògiri tí ọwọ́ ò ní yún un? Bàbá òǹkàwé, tó ń bá wa ka ohun tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, ti lọ ìsinmi. Mo po sìmẹ́ńtì, mo dí i, mo fọwọ́ ra á títí ó fi ń dán. Ọ̀gá mi yìn mí. Èmi náà yin ara mi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni màmá gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún mi. Mi ò mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ ògiri náà létí wọn. Irọ́ ni mò ń pa, èmi ni; ṣebí ẹ mọ ẹnu mi. Kí n tó jẹun tán, wọ́n ti gbé ọwọ́ lé e, wọ́n ní kó bá àwọn gba ikú ọmọ àwọn.

Ó gbà á, ó sì gba ìrántí ọmọ náà mọ́ ọn. Màmá yí sí mi, wọ́n ní nǹkan àwọn kan sọnù, kí n bá àwọn wá a. Mo dárúkọ àbúrò wa. Wọ́n kígbe pé, "Òun ni! Òun ni! Ó dà?" Bàbá òǹkàwé, tó ti dé láti ìsinmi, sáré wá, ó fọwọ́ lérí. Ó ní ẹnu ihò yẹn ni ẹlẹ́rù ti máa ń pe ẹrù rẹ̀ padà lórúkọ, pé ta ló dí i? Mo sáré lọ mú òòlù àti ṣísẹ̀lì.

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi gbẹ́ ẹ. Ògiri ti gba sìmẹ́ńtì náà mọ́ra, ó ti le ju òkúta lọ. Ṣísẹ̀lì mẹ́rin ló ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìgbàgbé náà ò sì dúró dè mí, ńṣe ló ń tú lọ bí òwú fìlà tí wọ́n fà nídìí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní àwọn ò rántí pé àwọn lọ́kọ rí. Lọ́jọ́ kẹrin, mo dárúkọ yín, wọ́n ní orúkọ náà dára, ọmọ ta ni? Lọ́jọ́ karùn-ún, mo wọlé, màmá tó bí mi dìde fún mi lórí àga, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá bíríkìlà." Mo sá jáde.

Nígbà tí ihò là, mo fà wọ́n lọ́wọ́ débẹ̀, mo ní kí wọ́n pe àbúrò wa. Wọ́n ní ta nìyẹn? Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n pè é nítorí àánú mi, bí ẹni tó ń ka orúkọ lára pátákó. Ògiri ò dáhùn. Èmi náà gbé ẹnu sí i, mo pe gbogbo wa títí ohùn mi fi há. Bàbá òǹkàwé ní kì í gba ẹnu ẹlòmíràn. Ẹni tó mọ̀ pé nǹkan òun sọnù nìkan ló lè pè é. Màmá ò sì mọ̀ pé nǹkan kan sọnù mọ́. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi tí mò ń tún ìlú àwọn ọlọ́run ṣe, ẹ wo ohun tí mo fọwọ́ ara mi bà jẹ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé inú wọn ń dùn. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn fọnfọn, wọ́n ti sanra díẹ̀. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú ọkùnrin wo ló ń sunkún tó báyìí. Nígbà mìíràn mo máa ń ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó kúkú tù wọ́n lára. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ò wá níyàá mọ́ nìyẹn?

Ẹ ní ẹ ń gbé ọmọ tuntun bọ̀ kí màmá lè rí i. Mi ò lè ní kẹ́ ẹ wá, mi ò sì lè ní kẹ́ ẹ má wá. Wọ́n á gbé e jó, wọ́n á ní ó rẹwà, wọ́n á dá a padà fún yín, wọ́n á wá bi yín bóyá ọ̀nà ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ ṣì jìn. Ẹ bínú sí mi, ẹ kọ èébú ránṣẹ́, ó sàn ju kẹ́ ẹ dákẹ́ lọ.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi gbá ọmọ mọ́ra. Màmá náà kí yín. Ibi fèrèsé tí mo ti ń kọ̀wé yìí ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí, mo ní ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Wọ́n ní kí n kí yín dáadáa. Wọ́n ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i, wọ́n wá ní, "Ẹ sọ fún un pé kí ẹ̀yin méjèèjì má gbàgbé ìyá yín o. Ẹ máa yọjú sí i. Ibi yòówù kó wà, ojú ọ̀nà ló ń wò."

Èmi ni àbúrò yín tí apá rẹ̀ ò ká a mọ́,
Aláròyé.