Orúkọ Àwọn Mẹ́ta Tó Ń Bá Àlájà Du Oníbàárà

Ìdí-Àgbọn, lẹ́yìn Ajah,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Tiwátọ́pẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní Igbó Ẹfọ̀n, mo sì kí kọ̀ǹpútà rẹ náà nítorí òun ló ń bọ́ ọ báyìí. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Olúwa tó ń ṣọ́ ẹja nínú ibú tí omi kì í fi í fún un lọ́rùn yóò máa ṣọ́ ọ nílùú yẹn, o kò ní kó sínú àwọ̀n ẹni ibi, mọ́tò kò ní gbá ọ létí títì. Àmín. Àwa náà wà dáadáa bí a bá yọ ti eékún ìyá rẹ kúrò, àti àyà mi tó ń já láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mo mọ̀ pé fóònù wà, má bi mí. Ọ̀rọ̀ yìí gùn, afẹ́fẹ́ sì ni fóònù ń gbà kọjá, èmi kò mọ àwọn tó jókòó sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ láti ibí dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ó tún ní ìdí mìíràn tí mo fi ní láti kọ ọ́ sínú ìwé, wàá rí i nísàlẹ̀. Bọ̀sún tó ń wa mọ́tò fún ilé-iṣẹ́ kan ní Oniru, tí kì í wálé bí kò ṣe ọjọ́ Àìkú, ni yóò mú un wá, pẹ̀lú ẹja díẹ̀ àti fọ́ọ̀mù Àlájà Rọ̀kíbátù. Ka lẹ́tà kí o tó ṣí fọ́ọ̀mù. Mo bẹ̀ ọ́, lẹ́tà ni kí o kọ́kọ́ kà.

Ní ti ilé, adìẹ funfun tí o fún ìyá rẹ ti pa ọmọ mẹ́sàn-án, àṣá ti gbé méjì. Àwọn kan tún wá wọn ilẹ̀ ẹ̀yìn mọ́sálásí, wọn kò kí ẹnikẹ́ni, ìyẹn náà ń kọ mí lóminú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé.

O rántí ọjọ́ tí o wá, tí ìwọ àti Àlájà jókòó lábẹ́ igi àgbọn tí ẹ ń gbèrò wẹbusáìtì tí o fẹ́ ṣe fún un, kí àwọn ará Thomas Estate àti àwọn ará Oniru lè máa rí ẹja yíyan rẹ̀ nínú fóònù wọn, kí wọ́n sì máa rà á láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ wọn kan iyanrìn wa. Inú mi dùn. Àlájà ni oníbàárà àkọ́kọ́ tí o rí láti ìgbà tí o ti fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀. N kò tíì sọ ohun tí mo rò nípa iṣẹ́ tí o fi sílẹ̀ yẹn, n kò sì ní sọ ọ́ nínú lẹ́tà yìí. Ohun tí mo kàn fẹ́ wí ni pé ẹni tó bá tú okùn ọkọ̀ rẹ̀ kúrò ní èbúté, kó má jẹ́ kí àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Àlájà yìí sì ni àjẹ̀ rẹ.

O fi fọ́ọ̀mù ojú ewé mẹ́fà sílẹ̀, o ní kí èmi tí mo kàwé dé kíláàsì kẹrin ní girama máa kà á fún un, kí n máa kọ ohun tó bá sọ, kí ó sì tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Mo mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ti kọjá. Jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Àwọn ìbéèrè àkọ́kọ́ kò le. Irú ènìyàn wo ni ó fẹ́ kó máa wá síbẹ̀? Àlájà ní ẹnikẹ́ni. Mo fi kún un pé yàtọ̀ sí olè. Àwọ̀ wo ló fẹ́? Ó ní búlúù, bíi ti ọkọ̀ ojú omi olóògbé ọkọ rẹ̀. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ọ̀dà búlúù ti wọ́n, o kò sì sọ bí ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, n kò mọ̀ bóyá garawa kan yóò tó. O kọ pé yóò máa wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru. Ta ni yóò máa sùn síbẹ̀? Mákánjúọlá ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ kò níṣẹ́ lọ́wọ́, kì í sì í sùn wọra, bí o bá ń wá ọdẹ. O tún kọ pé a ó máa sanwó ibi tí wẹbusáìtì náà yóò wà lọ́dọọdún fún àwọn kan ní ìlú òyìnbó. Tiwátọ́pẹ́, ṣé o ti rí ìwé ilẹ̀ wọn? Ṣé ọmọ onílẹ̀ mìíràn kò ní yọjú lẹ́yìn tí ẹ bá san tán? Àwa ará Lẹ́kí yìí ti rí ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ènìyàn mẹ́rin rà. Ní ti pásíwọ́ọ̀dù, o ní kí Àlájà má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe èmi tí mo kọ ọ́, ìyá rẹ tó jókòó tì wá, àti ìmáàmù, nítorí bí èmi àti Àlájà bá kú lọ́jọ́ kan náà ńkọ́?

Ìbéèrè kẹjọ ni a ti kọ́kọ́ há. O bi í pé kí ló mọ̀ ọ́n ṣe ju àwọn yòókù lọ. Àlájà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ta ni òun tí òun yóò jókòó tí òun yóò máa yin ara òun fún ẹni tí òun kò rí, ó ní ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ké pé òun sanra, ejò ló ń sọ fún. Ni a bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ìbéèrè kẹsàn-án ló wá kó bá mi. O ní kí ó dárúkọ àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń du oníbàárà. Ó dárúkọ Nùsírátù, Ìyá Dúrósinmí àti Bíọ́dún, àwọn tí ààrò ẹja wọn kọjú sí tirẹ̀. Mo kọ ọ́. Ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ. Ṣùgbọ́n mo tún orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kà.

O kéré nígbà tí wọ́n ń fẹ títì Ẹ̀pẹ́ yìí lójú. Àwọn kan dé pẹ̀lú ìwé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n mu omi àgbọn wa, wọ́n sì ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní ìsọ̀ létí títì. A rò pé ohun rere ni. Èmi gan-an ni mo sáré lọ pe ìyá mi láti oko pé kó wá kọ tirẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ìsọ̀ gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé náà, katakátá sì wó wọn. Láti ọjọ́ náà, ní Ìdí-Àgbọn, ẹnikẹ́ni kì í kọ orúkọ ẹnìkejì sínú ìwé tó ń jáde nílùú láìjẹ́ pé ó lọ sọ fún un nílé rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ bùbá mi tó mọ́, mo ní mò ń lọ sọ fún wọn. Ìyá rẹ ní kí n jókòó, ó ní ẹsẹ̀ mi ń yún mi. Mo dé ọ̀dọ̀ Nùsírátù, ó ń daná. Mo ní mo wá fi tó o létí gẹ́gẹ́ bí àṣà wa pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kan tó ń lọ sí Igbó Ẹfọ̀n, lábẹ́ àwọn tó ń bá Àlájà du oníbàárà. Ó bi mí pé ta ló kọ ọ́. Mo ní èmi ni. Ó ní ta ló pè é fún mi. Mo ní Àlájà ni. Ó so ìró mọ́dìí, ó ké sí Ìyá Dúrósinmí àti Bíọ́dún pé kí wọ́n wá wo ohun tí ọkùnrin tó mọ̀wé gbé wá.

Kí n tó wọ bàtà mi tán, wọ́n ti dé ìdí ààrò Àlájà. Nùsírátù ní òun tí òun gbé Àlájà lọ sí ọsibítù lórí ọ̀kadà lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá a dùbúlẹ̀, òun náà ló di ọ̀tá? Àlájà ní òun kò pe ẹnikẹ́ni lọ́tàá, fọ́ọ̀mù ló bi òun. Bíọ́dún ní fọ́ọ̀mù kò lẹ́nu. Ìyá Dúrósinmí ní òun ti mọ̀ pé Àlájà ní òun sínú láti ọjọ́ tí òun ti yá igi gbígbẹ lọ́wọ́ rẹ̀ tí òun fi tútù san án. Ni Àlájà bá kọjú sí mi, ó ní Bàbá Tiwátọ́pẹ́, ihò ẹnu yín tóbi ju ti àwọ̀n lọ. Ó ní òun kò ṣe mọ́, kí ọmọ yín máa gbé wẹbusáìtì rẹ̀ lọ, kó sì dá owó àsansílẹ̀ òun padà.

Tiwátọ́pẹ́, orí mi fò lọ. Mo rí àjẹ̀ rẹ lójú omi tó ń lọ. Mo rí ẹrù rẹ níta ní Igbó Ẹfọ̀n. Mo tún rí ara mi bí mo ṣe ń sáré lọ pe ìyá mi láti oko.

Ṣùgbọ́n Nùsírátù kò tíì bú u tó. Ó ní Àlájà ló ń bá àwọn du oníbàárà, kì í ṣe àwọn. Ó ní ta ló ń da odidi apẹ̀rẹ̀ ọ̀bọ̀kún padà sínú ọ̀sà nítorí pé ojú ẹja ṣe bàìbàì díẹ̀, kí oníbàárà lè máa wo tàwọn bí ìyàngbẹ òkú? Bíọ́dún ní ta ló ń jókòó ti iná láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú háhá àgbọn nìkan, tí kì í fi ọ̀rá náílọ́nù tanná bí àwọn kan? Ó wo Nùsírátù, Nùsírátù wo ilẹ̀. Ìyá Dúrósinmí tó ti ń sunkún ní ta ló ń fi ẹja kan ṣènì fún gbogbo opó, tí opó kan kò fi ya ọ̀dọ̀ òun mọ́, bẹ́ẹ̀ opó ni òun náà?

Ọmọ mi, ìbéèrè kẹjọ ni wọ́n ń dáhùn! Bírò wà lẹ́yìn etí mi, fọ́ọ̀mù wà lápò mi, mo yọ wọ́n. Wọ́n ń bú u, mò ń kọ ọ́. Bíọ́dún rí mi, ó ní kí ni mo tún ń kọ. Mo ní ohun tí wọ́n ń wí ni, mo sì ń sọ fún wọn báyìí pé mò ń kọ ọ́. Ìyá Dúrósinmí ní kí n má gbàgbé ti opó.

Àlájà ní kí n kà á. Mo kà á láti òkè dé ilẹ̀. Ọ̀rá ẹja ń kán sínú iná. Àlájà fi ìborùn nu ojú, ó ní èéfín ni. Ó ní ṣé gbogbo èyí ni wọ́n mọ̀ nípa òun láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá? Nùsírátù ní kí orí rẹ̀ má wú, ẹja rẹ̀ ṣì wọ́n jù.

Àlájà ní òun yóò ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ní kí n pa orúkọ wọn rẹ́ níbi ìbéèrè kẹsàn-án, kí n kọ wọ́n sí ìbéèrè kọkànlá, níbi tí o ti ní kí ó dárúkọ ẹni mẹ́ta tó lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n kọ òjò sí ìkẹsàn-án, òun kò mọ ẹlòmíràn tó ń bá òun jà.

Nítorí náà, bí o bá ṣí fọ́ọ̀mù tí o rí i pé èsì ìkẹjọ jọ èébú, tó gùn dé ẹ̀yìn ìwé, tí òróró ẹja sì wà lára rẹ̀, má bínú sí mi, má sì fi èdè ọ́fíìsì tún un kọ. N kò mọ̀ bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Oniru nìyẹn. Jọ̀wọ́, tètè bẹ̀rẹ̀ kí Àlájà má tún yí ọkàn padà.

Bí ọwọ́ rẹ bá ká a, fi nǹkan díẹ̀ rán Bọ̀sún fún oògùn eékún ìyá rẹ, àti fún bùbá mìíràn fún mi, ẹ̀ta iná ti jó ti ọjọ́ náà lápá. Nùsírátù ní bí ẹ ó bá ya fọ́tò ẹlẹ́rìí, òun kò ní gèlè. Fún ọ̀dà búlúù, èmi yóò dúró de èsì rẹ.

Ó ku ohun kan. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹfà, fọ́ọ̀mù ní kí a kọ orúkọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Mo kọ ọ́ pé: Tiwátọ́pẹ́ Odùkọ̀yà, ọmọ Gbádégẹṣin, ará Ìdí-Àgbọn. N kò lè jẹ́ kí ìwé náà jáde nílùú láìsọ fún ọ, ẹsẹ̀ mi kò sì lè gbé mi dé Igbó Ẹfọ̀n mọ́. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà nìyẹn. Mo ti sọ fún ọ báyìí.

Ìwé tí orúkọ rẹ bá wọ̀, ire ni yóò máa tibẹ̀ jáde. Ẹni tó bá kọ ọ́ yóò fi yìn ọ́ ni. Ọ̀dà pupa kò ní kan ẹnu ọ̀nà rẹ láéláé.

Èmi ni bàbá rẹ, tí àyà rẹ̀ ṣì ń já díẹ̀,
Gbádégẹṣin Odùkọ̀yà.