Wọ́n Wọn Ọmọ Mi Látorí Dẹ́sẹ̀

Tínrín ọmọ mi,

Ṣé kò sí o? Ṣé ẹsẹ̀ tó o fi ń rìn nígboro ò ro ẹ́? Àwa náà ń mí níbí, a ò kú, a ò sì sanra. Ohun tó bá ń wá ẹ kiri ò ní mọ ojúlé rẹ. Ìyá àgbà kí ẹ, eyín rẹ̀ ku méjì, wọn ò sì sí lápá kan náà. Ilẹ̀kùn irin wa ti já, okùn la fi so ó, ewúrẹ́ sì ń wọlé láì kágò.

Mo rí fọ́ọ̀mù tó o ní kí n fọwọ́ sí kó tó di ọjọ́ Ẹtì, pé bí n ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé àyè rẹ fún ẹlòmíì. O ní ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún fẹ́ kọ́ ẹ níṣẹ́ jórinjórin lọ́fẹ̀ẹ́, kó o lè yéé fọ abọ́ olóúnjẹ, wọ́n á bọ́ ẹ lọ́sàn-án, wọ́n á fún ẹ lówó ọkọ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án wọ́n á di irinṣẹ́ lé ẹ lọ́wọ́ pé ó dàbọ̀. Ṣé àwọn ló bí ẹ ni? Jórinjórin àdúgbò wa, tí mo mú ẹ lọ bá, ní ọdún mẹ́rin ni, wàá pọnmi fún ìyàwó òun, wàá pọn ọmọ òun, mo sì máa sanwó lé e. Ìyẹn yé mi. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá.

Ibi tí àyà mi ti já ni pé wọ́n wọn orí rẹ, wọ́n wọn ẹsẹ̀ rẹ, wọ́n wọn gíga rẹ. O ní torí akoto, bàtà àti aṣọ iṣẹ́ ni. Mo bi káfíńtà, ó ní òun náà máa ń wọn èèyàn bẹ́ẹ̀ yẹn, àmọ́ àwọn tóun ń wọ̀n kì í dìde. Fọ́ọ̀mù tún ń béèrè ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣe ẹ́. Kí ló fẹ́ ṣe ẹ́?

Ìyá àgbà ní kí n sinmi ariwo, pé ṣé ọgbọ́n orí mi yìí ló sọ wá dolówó, àti pé ta ló máa jó ilẹ̀kùn wa pọ̀, ṣé káfíńtà ni? Mo bá wá íǹkì.

Mo ti fọwọ́ sí i, àbí kí n ní mo ti fẹsẹ̀ sí i: àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì ni mo rì sínú íǹkì. Má sọ fún wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá dìjàngbọ̀n, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n rí mú, màá fi ìkejì sá.

Fi díẹ̀ ránṣẹ́ nínú owó ọkọ̀ yẹn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ná an, mo kàn fẹ́ wò ó bóyá á di ewé. Bí kò bá di ewé, fi òmíì ránṣẹ́ kó dá mi lójú.

Iná tó o fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́ ò ní jó ẹ. Irin á gbọ́ràn sí ẹ lẹ́nu. Wàá tètè padà wá jó ilẹ̀kùn yìí, kí n lè rí nǹkan tì mọ́ àwọn tó ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tí ojú ẹ̀ ò kúrò lọ́nà.