Lọ́fíńdà Tí Ìyá Onírun Kọ̀

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹrin
Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsinmi Ìtúnu Ààwẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tọ́jú àgbáńréré kan ṣoṣo. Melur ni wọ́n kọ sára géètì rẹ̀. Ìyá Onírun ni èmi ń pè é, torí irun pupa tó bo ara rẹ̀ — inú etí gan-an nírun. Ìwo méjì, ti ẹ̀yìn ò ju kókó lọ.

Mo pè é. Ó jáde, ó na imú sókè, ó gbóòórùn mi, ló bá sáré sí mi bíi lọ́rì tí bíréèkì rẹ̀ já. Mo gungi. Èmi, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Jumadi tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èso lẹ lọ ká lókè yẹn ni?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8
Bákan náà. Igi kan náà.

Ọjọ́bọ̀, 10
Ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀rín. Dókítà Ratih — ọmọdé ni, àmọ́ ó mọṣẹ́ — ní Ìyá Onírun máa tó ṣetán láti gba akọ. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ wonú rẹ̀ kó tó ṣí géètì fún Gandung, akọ tó wà lódìkejì. Bá a bá ṣí i láìtọ́jọ́, ìjà ni. Lọ́dún tó kọjá, eyín ló fi ya itan Gandung. Bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ló ń dúró jẹ́ẹ́ fún: mo máa ń họ ibi tí awọ ti ṣẹ́ po lọ́rùn rẹ̀, mo máa ń kọrin.

"Bàbá, bí kò bá lóyún lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n á gbé e lọ sí erékùṣù mìíràn," Dókítà ló wí. Èmi ò sì ní lè bá a lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 11
Mo ti mọ̀ ọ́n. Lọ́fíńdà ni. Ìyá ìyàwó mi ló fún mi níjọ́ ọdún. Tumini ìyàwó mi sì ń fi pa mí láràárọ̀ bí òkú. Ìyá Onírun ò ríran jìnnà, imú ló fi mọ̀ mí. Lójú tirẹ̀, èmi Sarmin ti kú, olè kan tó ń ta sánsán ló gbé aṣọ rẹ̀ wọ̀.

Mo fi ọṣẹ ìfọṣọ wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ṣì lé mi. Jumadi ní kí n bọ́ sínú ẹrẹ̀ Ìyá Onírun, èyí tó ń yí nínú rẹ̀ láàárọ̀ dọ̀sán, tó sì ń tọ̀ sí. Mo ní orí ẹ̀ ti dàrú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12
Mo bọ́ sí i. Títí dọ́rùn.

Ó gbóòórùn mi látorí dé ẹsẹ̀. Ó súfèé, orin rẹ̀ nìyẹn tínú rẹ̀ bá dùn. Ó fi ètè gígùn yẹn gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ lé mi wọnú ọgbà irin. Dókítà dimú, ó wò ó tán. "Ọjọ́ Ajé."

Tumini ò jẹ́ kí n wọlé. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti jẹun. "Bàbá Wulan, èmi àti àgbáńréré yẹn, ta lẹ fẹ́?" Mo ní kó bu ọbẹ̀ sí i.

Ọjọ́ Ajé, 14
A ṣí géètì. Ìyá Onírun kọ̀dí sí Gandung, ó tọ̀ sí i lójú. Ọkọ ìyàwó ò bínú. Ó ń gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tó débi ọbẹ̀. Wọ́n lé ara wọn yípo, wọ́n ń dojú igi kéékèèké bolẹ̀. Lẹ́yìn náà — kẹ́kẹ́ pa. Èmi àti Jumadi yíjú. Dókítà ò yíjú. Ó ń kọ aago sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Karùn-ún
Ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àmì dúdú kan nínú rẹ̀, kò ju hóró àgbàdo lọ. Dókítà dì mí lápá mú. Wọn ò ní gbé e lọ mọ́. Mo sunkún níwájú ọmọdé, ojú ò tì mí.

Ó ní oyún ti bàjẹ́ lára Ìyá Onírun rí, nítorí náà kò gbọdọ̀ détí ẹnikẹ́ni fún oṣù mẹ́ta. Ìyàwó mi pàápàá. Ìwọ ìwé yìí nìkan ni mo sọ fún.

Mo délé, mo fajú ro, mo ń ṣàròyé oòrùn. Tumini wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹyin kan ló máa ń fi sórí ìrẹsì mi. Lónìí, méjì ni.

"Ẹ jẹ ẹ́," ló wí. "Ìkejì, tọmọ àgbáńréré yẹn ni."