Òkúta Ẹnu Kànga Bàbá Wa

                                        Àgọ́ Élídádì,
                                        Lẹ́bàá Kànga Olókùúta,
                                        Ọ̀nà Gérárì.
                                        Oṣù ìrẹ́run àgùntàn,
                                        ọdún kẹta tí Bàbá ti sùn.

Átárà ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ọmọ àbúrò bàbá mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìbejì tí mo gbọ́ pé o bí, ṣé wọ́n ti ń sáré tẹ̀lé ewúrẹ́ báyìí? Eékún ìyá ọkọ rẹ tó máa ń dùn ún nígbà òtútù, ṣé ó ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ara tèmi le, àfi eyín kan tó ń yọ mí lẹ́nu, tí mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Àwọn àgùntàn bímọ dáadáa lọ́dún yìí. Ọlọ́run bàbá wa ò gbàgbé wa.

Má ṣe jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé èmi, tí mi ò mọ àmì kan yàtọ̀ sí èkejì, ló ń ránṣẹ́ báyìí. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde, akọ̀wé àwọn oníṣòwò tó ń gòkè lọ sí Háránì lọ́dọ̀ yín ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí amọ̀. Ó ti ráhùn pé ọ̀rọ̀ mi pọ̀ ju amọ̀ òun lọ. Mo bu wàrà fún un, mo ní kó lọ po òmíràn. Nítorí náà, bí wàláà tí wọ́n bá gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ bá kún agbọ̀n, má bínú. Ó pẹ́ tí mo ti di ọ̀rọ̀ yìí sínú.

Ǹjẹ́ o rántí òkúta ẹnu kànga wa? Kí ni mo tiẹ̀ ń bi ọ́ sí! Ìwọ tí o máa ń gùn ún bí ẹni gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tí ìyá rẹ á máa pariwo pé ọmọbìnrin tó bá jókòó lórí òkúta kànga kò ní rí ọkọ fẹ́. Ìwọ lo kọ́kọ́ rọ́kọ nínú gbogbo wa, ìwọ náà lo sì lọ jìnnà jù.

O rántí bí a ṣe ń yí i. Ilé kan ṣoṣo ò lè dá a yí. Bàbá ló mọ̀ọ́mọ̀ yan èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn ará Gérárì fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Hébérù arúgbó yìí fẹ́ fi òkè dí ihò eku. Bàbá á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ẹni tó bá fẹ́ mu omi mi, kó kọ́kọ́ lọ wá arákùnrin ẹ̀ wá.” Bí gbogbo agbo ẹran bá ti pé, tilé yín àti tilé wa, á gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, á ké pé, “Ta ló fún wa lómi?” Gbogbo èèyàn á dáhùn pé, “Ọlọ́run bàbá wa ni!” Bí ẹnu bá ti kúrò lórí “ni” yẹn, gbogbo èjìká á tì í pọ̀, òkúta á sì yí. Àwa obìnrin náà á máa dáhùn láti ẹ̀yìn pẹ̀lú ìkòkò omi léjìká. Kẹ́múẹ́lì ẹ̀gbọ́n mi máa ń sín ohùn Bàbá jẹ níbi tó bá rò pé Bàbá ò sí, Jáṣúbù àbúrò mi á sì máa dáhùn bí ewúrẹ́. Bàbá ń gbọ́ wọn o, ó kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni. Áà, Átárà, ayé yẹn dùn, a ò sì mọ̀ pé ó dùn tó bẹ́ẹ̀.

O ti lọ kí ìjà tó dé. O mọ̀ pé Kẹ́múẹ́lì fẹ́ Tíwátì, ọmọ àwọn ará Héétì. (Má jowú o. Gbogbo wa la mọ̀ pé ojú ẹ̀gbọ́n mi ti wà lára rẹ rí.) Ohun tí o kò mọ̀ ni pé àkọ́bí wọn, ọmọbìnrin kékeré kan tó fẹ́ràn láti máa sùn láyà mi, dùbúlẹ̀ àìsàn. Kẹ́múẹ́lì rúbọ lórí pẹpẹ Bàbá títí, ara ọmọ ò yá. Ni ìyá Tíwátì bá ní kí wọ́n mú àgbò kan lọ fún Báálì lórí òkè ìlú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi mú un lọ. Ọmọ náà kú síbẹ̀síbẹ̀. Bàbá gbọ́ nípa àgbò yẹn, kò sì sọ nǹkan kan.

Ó dákẹ́ títí di ọjọ́ tó fẹ́ kú. Ó wá pè wá jọ, ó fún Kẹ́múẹ́lì ní ìpín méjì nínú agbo ẹran gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ìrúbọ, tó ń sọ ẹni tó bá gbà á di àlùfáà ilé, tó sì jẹ́ ti àkọ́bí láti ayébáyé, Jáṣúbù ló nà án sí. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó súre fún un. Kẹ́múẹ́lì kò tilẹ̀ wo apá ibi tí agbo rẹ̀ wà. “Bàbá,” ló sọ, “àgbò kan péré ni. Ọmọ mi ló ń kú lọ.” Bàbá yíjú sí aṣọ àgọ́, omijé ń bọ́ lójú òun náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ó ti lọ bá àwọn bàbá rẹ̀.

Ibi ìsìnkú gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́. Nígbà tí a fẹ́ yí òkúta dí ẹnu ihò àpáta tí a tẹ́ Bàbá sí, Kẹ́múẹ́lì la ẹnu láti ké ìpè Bàbá. Jáṣúbù, tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin ṣùgbọ́n tí ahọ́n rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tí wọ́n fún un lọ, ní kó dákẹ́. Ó ní ẹnu tó bá pe Báálì kò gbọdọ̀ pe Ọlọ́run bàbá òun mọ́.

“Bàbá ẹ?” ni Kẹ́múẹ́lì bi í. “Àbí bàbá wa?”

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Láti ọjọ́ yẹn wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Jáṣúbù ò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n mọ́, “ọkùnrin yẹn” ló ń pè é. Àwọn tó jọ mu ọmú kan náà!

Ṣùgbọ́n òkúta ò mọ̀ pé ìjà wà. Ojoojúmọ́ ni agbo àwọn méjèèjì ṣì gbọ́dọ̀ pàdé níbẹ̀. Jáṣúbù ò fẹ́ ké ìpè náà nígbà tí ọkùnrin yẹn bá wà láàárín àwọn tó máa dáhùn, Kẹ́múẹ́lì náà ò sì fẹ́ ké ohun tí wọ́n ní kó má ké. Wọ́n wá ń tì í láìsọ̀rọ̀, bí àwọn kan ṣe ń tì ni àwọn mìíràn ń mí. Òkúta á yí díẹ̀, á tún padà, àgùntàn á máa ké. Èmi sì di ìránṣẹ́ wọn.

“Ṣẹlómítì, sọ fún ọkùnrin yẹn kó kó ewúrẹ́ ẹ̀ kúrò nídìí ọpọ́n omi mi.”

“Ṣẹlómítì, sọ fún àlùfáà pé ewúrẹ́ ò mọ ọpọ́n ẹni mímọ́ yàtọ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan lè na ọwọ́ kan ẹnì kejì níbi tí wọ́n dúró sí o. Èmi ni mò ń dúró láàárín tí mò ń tún ọ̀rọ̀ sọ, bí ẹni ń túmọ̀ èdè fún àjèjì.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ìlà-oòrùn fẹ́ lù wá, ẹran sì ń kú lẹ́bàá omi kí òkúta tó kúrò lẹ́nu kànga. Ni wọ́n bá fẹnu kò lórí nǹkan kan, nípasẹ̀ èmi náà ni: kí wọ́n fọ́ òkúta náà. Wọ́n á kó igi yí i ká, wọ́n á dáná títí á fi pọ́n, wọ́n á da omi tútù lé e lórí, á sì sán. Lẹ́yìn ìyẹn, pákó fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n á fi bo kànga. Ilé kọ̀ọ̀kan á máa wá nígbà tó bá wù ú, kò ní sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti rí ojú ẹnì kejì mọ́. Mo bẹ Jáṣúbù, mo bẹ Kẹ́múẹ́lì. Mo ní lọ́jọ́ tí òkúta yìí bá fọ́, a ò ní jẹ́ ọmọ bàbá kan mọ́, aládùúgbò tí kì í kí ara wọn la máa jẹ́. Jáṣúbù ní, “Sọ fún ọkùnrin yẹn kó mú igi tiẹ̀ wá.” Kẹ́múẹ́lì ní, “Sọ fún un pé mo ti kó o jọ tipẹ́.” Mo wọ àgọ́ lọ, mo sunkún bí ìgbà tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ yí òkúta náà kúrò, torí wọn ò lè dáná lórí ẹnu kànga. Wọ́n ní láti tì í kọjá ibi tó máa ń dúró, kó gun ibi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀. Wọ́n ń tì í láìsọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Kò tíì dé òkè tí ẹsẹ̀ Jáṣúbù fi yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí òkúta máa gbà padà. Agbára ti tán nínú àwọn ọkùnrin, àwọn kan tilẹ̀ ti jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n sá. Mo rí i tí òkúta ń padà bọ̀.

Ohùn Bàbá ni mo gbọ́.

“Ta ló fún wa lómi?”

Kẹ́múẹ́lì ni. Ó ti fi ẹ̀yìn gbe òkúta náà, gbogbo iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Àwọn tó ti sá sáré padà. Gbogbo wa dáhùn, kódà Tíwátì dáhùn. Ṣùgbọ́n, Átárà, ohùn tó ga ju ti gbogbo wa lọ, ilẹ̀ ló ti wá, láti ẹnu Jáṣúbù tó nà gbalaja síbẹ̀: “Ọlọ́run bàbá wa ni!” Òkúta dúró. Kẹ́múẹ́lì tún ké e, a tún dáhùn, òkúta gòkè, wọ́n fi igi há a lẹ́sẹ̀, wọ́n sì fa àbúrò mi jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bó, ṣùgbọ́n egungun ò ṣẹ́.

Jáṣúbù jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ta ló ní kí ẹ pè é?”

“Ṣé kí n dákẹ́ kó lọ ẹsẹ̀ ẹ bí ọkà ni? Olórí kunkun!”

“Ẹ ò tiẹ̀ pè é dáadáa. Bàbá kì í fà á gùn báyẹn.”

“Ìwọ tó o wà nílẹ̀ lo mọ bí wọ́n ṣe ń pè é!”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

Ẹ̀gbọ́n! Mo gbá ẹnu mi mú. Kẹ́múẹ́lì kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan ara rẹ̀, Tíwátì ń bu omi sí i. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Báálì tàbí ọ̀bẹ. Jáṣúbù sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè. “Ọjọ́ tí ọmọ yẹn kú, mi ò wá. Mi ò bi yín léèrè ẹ̀ rí.” Kẹ́múẹ́lì ń fọ ẹsẹ̀ náà lọ, omijé rẹ̀ ń kán sórí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀.

Má rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán o. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ Jáṣúbù, ó sì ń dun Kẹ́múẹ́lì títí di òní. Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n kó jọ láti fi fọ́ òkúta, òun la fi sun ọmọ ewúrẹ́ lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti yí òkúta padà sí àyè rẹ̀. Wọ́n jiyàn lórí iyọ̀, wọ́n jiyàn lórí ẹni tó jẹ kíndìnrín. Àwọn àgbà ní bí ọmọ ìyá méjì bá wọ yàrá sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá bá ẹ̀rín jáde, irọ́ ni wọ́n pa fúnra wọn. Ojú tí àwọn tèmi fà ro lálẹ́ ọjọ́ náà tó mi lẹ́rìí. Ojúkojú ni wọ́n ń pariwo mọ́ra wọn, kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Mo kàn jókòó bí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, inú mi ń dùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Jáṣúbù ti tiro dé kànga kí ẹlòmíràn tó dé. Agbo Kẹ́múẹ́lì pẹ́, ó sì dúró dè é. Nígbà tí gbogbo èjìká ti kan òkúta, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, “Ẹ pè é.”

“Ṣé kí n má fà á gùn?”

“Bó bá ṣe wù yín ni kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ̀gbọ́n.”

Kẹ́múẹ́lì ké e. Ó sì fà á gùn.

Bá mi kí ọkọ rẹ dáadáa. Òwú àgùntàn tó wà nínú ìdì yìí, ti eékún ìyá ọkọ rẹ ni, kó máa fi wé e. Jáṣúbù kí ọ. Kẹ́múẹ́lì náà kí ọ. Tíwátì ní òun náà kí ọ, ó sì tẹjú mọ́ mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé òṣùpá ni wọ́n ń bọ ní ìlú tí o wà. Mo mọ̀ pé kò rọrùn kí èèyàn nìkan máa pe orúkọ tí ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀ kò pè. Mi ò bá ọ ṣẹjọ́, ilé wa ti kọ́ mi lọ́gbọ́n nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá lọ pọnmi láàárọ̀, dúró díẹ̀ kí o tó gbé ìkòkò léjìká. Ṣe bí ẹni pé èmi ni mo wà lẹ́yìn rẹ, bí ìgbà tí a jọ wà lọ́mọdé. Ta ló fún wa lómi, Átárà? Mò ń dúró de ìdáhùn rẹ.

                                        Èmi ni, tìrẹ láti ìgbà kànga títí di òní,
                                        Ṣẹlómítì, ọmọ Élídádì.