Gbólóhùn Márùn-ún Lórí "Look After"

Àbámẹ́ta, 4/10/80
Lẹ́sìn Gẹ̀ẹ́sì ní Agége. "Look after" ni Tíṣà Shuaib kọ́ wa lónìí. Wọ́n ní "tọ́jú" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kí kálukú lọ fi ṣe gbólóhùn márùn-ún, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Mo kọ èkíní lójú ẹsẹ̀: I look after my father. Wọ́n ní ó dáa. Orí mi wú.

Ajé, 6/10
Iṣẹ́ ọ̀sán ni wọ́n tún yàn mí sí ní ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì wa l'Ágídìngbì. Mo bẹ Ojú-Àṣá, ọ̀gá tó ń ṣọ́ wa – kò gbọ́. Bàbá ò sì ṣeé dá fi sílé mọ́, iyè wọn ti ń fò. Ìyá Ọdúnayọ̀, ará ilé wa, gbà láti bá mi wò wọ́n. Gbólóhùn kejì: My neighbour looks after my father. Ọwọ́ mi wúwo bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọjọ́rú, 8/10
Bàbá bi mí bóyá Màmá ti ti oko dé. Ọdún kẹfà rèé tí Màmá ti kú. Mo ní wọ́n ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9/10
Bàbá sọnù! Ìyá Ọdúnayọ̀ sáré wá bá mi níbi iṣẹ́, ó ní òun kàn lọ gbé omi kaná ni. Kó tó dé, Bàbá ti wọ sùtánà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti bọ́ sí títì láìwọ bàtà. Ta ni yóò dá wọn dúró? Àgbàlagbà, aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán – wòlíì ni gbogbo ayé kà wọ́n sí. Mo bẹ Ojú-Àṣá títí kó tó jẹ́ kí n jáde. Abúlé Ẹ̀gbá la ti bá wọn nírọ̀lẹ́, obìnrin méjì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú wọn, wọ́n ń gba àdúrà. Bàbá ń gbà á fún wọn geerege, láìgbàgbé ọ̀rọ̀ kan. Àtẹ́lẹsẹ̀ Bàbá ti bó. Mo sunkún lójú títì, kò tì mí lójú.

Àbámẹ́ta, 11/10
Lẹ́sìn. Tíṣà béèrè gbólóhùn mẹ́ta tó kù. Mo ní kò sí òótọ́ kankan lọ́wọ́ mi mọ́. Wọn ò bá mi wí.

Ìṣẹ́gun, 14/10
Bùrọ̀dá Fúnṣọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ti Ìkẹ́rẹ́ dé. Lẹ́tà mi ló bá wọn. Wọ́n ní, "Yẹmí, o ti gbìyànjú. Bàbá ń bá mi lọ sílé lọ́la." Mo fẹ́ jiyàn. Àmọ́ ta ni yóò bá mi jókòó tì wọ́n?

Ọjọ́rú, 15/10
Mo wẹ̀ fún Bàbá láàárọ̀, mo fi ìpara pa ẹsẹ̀ wọn, mo di ẹrù wọn. Bàbá ti jókòó sínú mọ́tò kí wọ́n tó fọwọ́ kan Bùrọ̀dá Fúnṣọ́, wọ́n nawọ́ sí mi.

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí o. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, àmọ́ ó tọ́jú mi bí ẹni pé ọmọ mi ni."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kò tọ́pẹ́, Bàbá.