Ojú Victoire Kò Sí Níbẹ̀

Agbonou,
Ọjọ́ Ajé

Espoir,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ ká parí èyí tó wà nílẹ̀. Aṣọ mẹ́fà lo fi tọrọ ọmọ mi. Márùn-ún ni mo jù sí ọ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹ̀kẹfà ńkọ́? Mi ò tà á; irọ́ ni mo pa fáwọn àgbà. Òun ni mo fi wé Victoire kí wọ́n tó gbé e sínú pósí. Owó rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà fráǹkì, wà nínú àpòòwé yìí. Kà á.

Wàyí o, ṣé ara rẹ le? Àwọn ará ilé rẹ ní Notsé ńkọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àìsàn mọ ọ̀nà ilé yín. Àwa ń mí. Ìyẹn nìkan ni mo lè sọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, yóò pé ọdún kan. Lẹ́yìn Míísà, a fẹ́ fi fídíò kan hàn nínú àgbàlá wa, kí ẹbí lè fi rántí rẹ̀. Ayàwòrán kan ní Atakpamé béèrè ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì fráǹkì. Mo ní a ó ṣe é nílé. Linda, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń tò ó pọ̀.

A tú fóònù Victoire wò. Àwòrán inú rẹ̀ lé ní igba. Èmi wà níbẹ̀, ewúrẹ́ wa wà níbẹ̀, kódà aládùúgbò tí a ò bá sọ̀rọ̀ mọ́ wà níbẹ̀. Victoire nìkan ni kò sí. Òun ló máa ń di fóònù mú. Òjìji rẹ̀ la rí nílẹ̀, àti ohùn rẹ̀ nínú fídíò kan: “Màmá, ẹ gbójú sókè, ẹ kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n!” Bó bá fẹ́ ya ara rẹ̀, èmi ni mo máa ń pariwo pé ọgọ́rùn-ún fráǹkì la fi ń gba iná sí i, kó má fi ṣòfò.

Ìwọ nìkan lo máa ń ya á. Mo sì mọ ohun tí mo ṣe. Nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ ló ti ń bọ̀ tí alùpùpù fi gbé e ṣubú, mo ní ìwọ lo pa á. Mo ní kò sí àna láàárín wa mọ́, pé nǹkan ọmọ mi kankan kò gbọdọ̀ kù sí ọ lọ́wọ́. Mo dúró tì ọ́ títí o fi pa àwòrán rẹ̀ rẹ́ níṣojú àwọn àgbà. Èmi ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ: mọ́kànlélógójì.

Espoir, ṣé o tàn mí? Ṣé o fi ẹyọ kan pamọ́, àbí o ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rí? Bí o bá tàn mí, mo dúpẹ́. Ojú ọmọ mi ti ń ṣá lọ́kàn mi. Eyín rẹ̀ tó kán yẹn, mi ò mọ̀ mọ́ bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì.

Kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú. Kó fún ọ ní ẹni tí yóò bá ọ kalẹ́.

Èmi ni,
Ìyá ìyàwó rẹ,
Àyànṣọlá

Mo tún rántí: ọkọ kì í gba owó aṣọ tí a fi sin ìyàwó rẹ̀. Bí o bá ṣì gbà pé àna rẹ ni mí, mú ẹgbẹ̀rún mẹ́fà yẹn padà wá fún mi, àwòrán wà o, kò sí o. Ọjọ́bọ̀ ni mo ń retí rẹ.