Ọmọ Tí Mo Fi Sílẹ̀ ní Ìbà

Bàbá mi àtàtà, Bàbá Rewáyà tó ń tún iná gbogbo àdúgbò ṣe,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìrántí ọdún kan yín ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì èmi àti Dẹ̀bọ́rà, ọmọ mi kékeré. Tí mo bá dé Ìbà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á yí ibojì yín ká pẹ̀lú àbẹ́là, wọ́n á kọrin, wọ́n á ní kí n sọ̀rọ̀, èmi náà á sì parọ́ dáadáa bí mo ṣe máa ń ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ òótọ́ fún yín láti ìlú òyìnbó níbí, nínú ilé ìdáná mi, kí n tó dé iwájú àwọn èèyàn. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dá mi lóhùn. Ìyẹn náà dáa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí Tèmi, àkọ́bí mi. Aago márùn-ún ìdájí là ń ṣe àdúrà ìdílé níbí, bí ẹ ṣe kọ́ wa nílé. Màá lu agogo, Dẹ̀bọ́rà á sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú oorun lójú, Tèmi á ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́rí. Tí mo bá pè é, á pòṣé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó wo ojú mi lọ́jọ́ kan, ó ní Ọlọ́run mi ń pariwo jù. Mo fi bàtà ilé lù ú. Ó sọ fún tíṣà rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin méjì dé láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n yẹ inú firíìjì mi wò, wọ́n mú Dẹ̀bọ́rà sí kọ̀rọ̀, wọ́n bi í bóyá mo máa ń lu òun náà. Bàbá, àyà mi já. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn, àwọn méjèèjì nìkan ni mo ní. Mo ní kàkà kí òyìnbó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, màá gbé e lọ síbi tí ọwọ́ wọn ò ní tó.

Ẹ má sọ pé ẹ ò mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Ṣé ẹ rántí Àjàngbádì? Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mo ti ń jí ẹran jẹ nínú ìkòkò, mo sì ti bú ìyá mi. Ẹ wọ̀ mí láṣọ ọdún, ẹ mú mi lọ kí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ní Àjàngbádì, ẹ ní kí n jókòó, ẹ fẹ́ lọ ra búrẹ́dì wá. Ọdún mẹ́ta ni mo fi dúró de búrẹ́dì náà. Ẹ̀gbọ́n yín fi pàṣán kọ́ mi lọ́gbọ́n. Nígbà tí mo padà wálé, mo ti ń kúnlẹ̀, mo ti ń jí gbálẹ̀, gbogbo èèyàn ń kí yín kú iṣẹ́ ọmọ. Èmi náà gbà pé ohun tó sọ mi dèèyàn nìyẹn. Ṣé òun ni, Bàbá? Àbí bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ ni mo kàn kọ́ níbẹ̀? Ẹ ò bi mí léèrè rí títí ẹ fi kú.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún yín lórí fóònù, ẹ bi mí léèrè.

“Ṣé o ti rò ó dáadáa? Ọmọ yìí ò dà bí ìwọ o.”

Mo ní mo ti rò ó. Ẹ gbà. Lọ́jọ́ ogbó yín, mo tún fi irọ́ lé yín lọ́wọ́.

Mo sọ fún Tèmi pé họlidé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Inú rẹ̀ dùn, ó ra ṣokoléètì wá fún yín. Ní Jímọ̀ tó kẹ́yìn, ẹ mú un lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ ṣe jáde, mo ju páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sínú báàgì mi, mo fa Dẹ̀bọ́rà lọ́wọ́, a wọ ọkọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ọmọ ọdún méje ni Dẹ̀bọ́rà nígbà yẹn. Ó ń béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ní ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú gbéra, kò béèrè mọ́. A délé, a bá lẹ́tà àwọn obìnrin méjì yẹn lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ní àwọn ti pa ọ̀rọ̀ náà dé, pé kò sí ewu kankan fún ọmọ nínú ilé mi.

Ìyá Ṣínà, ayálégbé yín tó wà ní yàrá iwájú, ló sọ ìyókù fún mi níbi ìsìnkú. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Tèmi fi ń jókòó síwájú géètì nírọ̀lẹ́, báàgì rẹ̀ lórí itan, tó ń wo gbogbo kẹ̀kẹ́ tó bá ti Okokomaiko wọlé wá. Ó ní ẹ̀yin náà á gbé àga jáde, ẹ á jókòó tì í. Ojoojúmọ́ ló ń pè mí. Ẹkún ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe fóònù mi kí ìpè rẹ̀ má dún mọ́. Ẹ̀yin lẹ ń bá mi sọ fún un pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nǹkan yí padà. Ó ń bá yín fọ sùtánà ní Sátidé. Ó ń di tọ́ọ̀ṣì mú tí ẹ bá gun àkàbà láti tún wáyà ṣe nínú ẹ́sítéètì. Ìyá Ṣínà ní ó ti ń gbọn gílóòbù létí bíi tiyín, láti mọ̀ bóyá ó ti jó. Ó ń fẹsẹ̀ lásán tẹ̀lé yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹ̀yin aláṣọ funfun ṣe ń ṣe, ọmọ tí kì í tẹ ilẹ̀ ilé mi láìwọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí wásápù, ẹ ń pariwo bí ẹ ṣe máa ń pariwo sí fóònù, ẹ ní òun ló ń jí yín fún àdúrà báyìí. Mo gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́.

Bàbá, ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè tí ẹ ṣubú, iwájú pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ni mo wà, mò ń jẹ́rìí nípa Tèmi. Mo ní kí gbogbo òbí tí ọmọ wọn ń yájú gbé e lọ sílé, Nàìjíríà á tún un ṣe. Wọ́n ń pariwo halelúyà. Mo gbé fóònù sẹ́nu makirofóònù kí wọ́n gbọ́ ohùn yín tó wà lórí wásápù. Ohùn yín dá dúró lójijì, orúkọ Tèmi yọ lójú fóònù, ó ń pè. Mo gé e, mo tún ohùn yín bẹ̀rẹ̀. Ó tún yọ, mo tún gé e. Lẹ́yìn ìsìn mo bá wọn pín ìrẹsì, mo sì jẹ tèmi. Inú mọ́tò ni mo ti wá rí i pé ìgbà mọ́kànlá ló pè.

Ẹ ń wọ sùtánà lọ́wọ́ ni ẹsẹ̀ yín yẹ̀, tí ẹnu yín wọ́. Àwọn ará ilé ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tèmi sáré jáde láìwọ bàtà, ó rí oníkẹ̀kẹ́ kan, àwọn méjèèjì gbé yín dé ọsibítù kékeré kan. Wọ́n ní ọmọdé ò lè fọwọ́ síwèé, kó pe àgbàlagbà wá kó sọ̀rọ̀. Èmi ni àgbàlagbà tó pè. Ìgbà tí Ìyá Ṣínà máa fi débẹ̀, ẹ ti lọ. Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń pè mí? Ṣé ẹ̀yin náà ń retí kí n gbé e?

Nígbà tí mo dé fún ìsìnkú, Tèmi kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ kú ìrìn.” Yorùbá rẹ̀ já gaara. Àbúrò yín gbá mi lẹ́yìn, wọ́n ní, “Ìwọ lo tọ́mọ, jàre!” Ó wù mí kó pòṣé. Ó wù mí kó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ mú un padà, mo kó páásípọ́ọ̀tù àti tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

“Ẹ ṣé mà. Ẹ máa lọ, mi ò ní sunkún mọ́. Ẹ má wọ̀ọ́rì.”

Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí.

“Mọ́mì, ẹ dìde, àwọn èèyàn ń wò wá. Ẹ gé ìpè mi, mà. Mo rí i. Ó ti tán nílẹ̀.”

Ilé yín ló wà títí di òní, Ìyá Ṣínà ló ń bá mi wò ó. Tí mo bá pè, ó máa ń gbé e. Ẹ káàárọ̀ mà, a dúpẹ́ mà, ó dàárọ̀ mà. Kò hu ìwà kankan tó dùn mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ó wá ku Dẹ̀bọ́rà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti ìgbà tí a ti dé láìsí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mi ò tíì bá a wí lẹ́ẹ̀kan. Ó ń jí kí n tó lu agogo. Ó ń fọ abọ́ láìrán an. Mo ti ń dúpẹ́ lórí rẹ̀, mo ní Ọlọ́run fi èyí rẹ̀ mí lẹ́kún. Ní Sátidé tó kọjá mo sọ fún un pé à ń lọ sí Ìbà, a máa rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Kò fò sókè. Ó gun òkè lọ, mo gbọ́ tó ń gbálẹ̀. Ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó tẹ́ tèmi, ó to gbogbo bàtà ilé. Ó wá sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ohun tí mi ò kọ́ ọ rí, ó fi ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ lẹ́nu yín bi mí pé, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?”

Ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.